Àlà Níwájú Aṣọ Funfun: Fọ́tò Ìyá Olórìṣà Kan ní Lágere

Oníbàárà ọ̀hún jẹ́ ìyá àgbà kan láti agboolé àwọn olórìṣà Ọbàtálá ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ fọ́tò ńlá kan tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀, wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn fọ́tò náà gbọ́dọ̀ funfun báláú. Ìyá fúnra wọn wọ àlà láti òkè délẹ̀: gèlè funfun, bùbá funfun, ìró funfun, ìborùn funfun, sẹ́sẹ́ẹfun lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́. Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà rí á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Aṣọ funfun níwájú aṣọ funfun, ojú dúdú tó ń dán láàárín méjèèjì, àti ọmọ oníbàárà tó dúró ti kọ̀ǹpútà, tó ń béèrè ìdí tí ẹ̀yìn ìyá òun fi ní àwọ̀ eérú.

Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ fọ́tò náà wà, ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ní fíìtì 12, tó sì gùn ní fíìtì 18. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Pásípọ́ọ̀tù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n máa ń wá ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó ti ya Ìyá, ó ti tún wọn yà, kó tó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wá wo iná yìí. Ìyá ní àwọn ò ní wá mọ́ bí eléyìí náà ò bá dáa.”

Ohun tó wà nílẹ̀ kò burú. Fíláàṣì sítúdíò méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ watt-second 300, fíláàṣì kékeré kan tó ń lo bátìrì, softbox kan (àpótí aṣọ tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì rọ̀), ambúrẹ́là méjì, kámẹ́rà full frame, lẹ́ńsì 50 mm àti 85 mm. Aṣọ ẹ̀yìn jẹ́ aṣọ òwú funfun tó fẹ̀ ní fíìtì 6. Ògiri ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ àwọ̀ krímù, ti ọwọ́ òsì jẹ́ àwọ̀ ewé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà níta, torí iná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣe àdéhùn. Èmi mú mítà ìmọ́lẹ̀ tèmi dání.

Mo ní kó kọ́kọ́ fi àwọn tó ti yà hàn mí. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ojú Ìyá dára, sẹ́sẹ́ẹfun hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ni kò dára: eérú ni, òjìji gèlè sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ ní apá òsì. Fíìtì 2 ààbọ̀ péré ni àga Ìyá fi jìnnà sí aṣọ ẹ̀yìn, softbox wà ní fíìtì 4 sí ojú wọn, fíláàṣì kejì sì wà nínú ambúrẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó rọra ń ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ya pásípọ́ọ̀tù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn. Ti físà Amẹ́ríkà pàápàá, tó ní kí fọ́tò jẹ́ 51 mm níbùú lóròó, tí kò sì gba gíláàsì ojú mọ́ láti 2016, ohun tó sọ nípa ẹ̀yìn ni pé kó funfun tàbí kó súnmọ́ funfun. Funfun tó ṣú díẹ̀ lè bá a kọjá. Àṣà yẹn ti mọ́ ọn lọ́wọ́ kí Ìyá tó dé.

Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà kó má rẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀nà tó rìn bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù nínú rẹ̀. Softbox wà ní fíìtì 4 sí ojú Ìyá, ó sì wà ní fíìtì 6 ààbọ̀ sí aṣọ. Bí a bá fi 6.5 pín 4, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ó rí i pé ohun tó ń dé ara aṣọ kò ju nǹkan bíi 38 nínú 100 ohun tó ń dé ojú Ìyá lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó stop kan ààbọ̀; stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ dín kù sí ìdajì tàbí kó di ìlọ́po méjì. Aṣọ yòówù kó funfun tó lọ́jà, bí ìmọ́lẹ̀ tó kàn án bá kéré tó báyìí, yóò ṣú. Ọ̀dọ́kùnrin wa ti fọ aṣọ náà, ó tún ti lọ ra òmíràn. Aṣọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ṣí lẹ́ńsì sí i, láti f/8 sí f/5; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó. Ẹ̀yìn funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló bá a funfun. Ìṣẹ́po àlà pòórá, ìborùn di pátákó, ojú Ìyá sì pọ́n kọjá àwọ̀ wọn. Wọ́n ní nígbà tí Ìyá rí i lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n béèrè pé, “Ta lẹ bó báyìí?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. “Ọmọ mi, n ò bóra rí láyé mi, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ nínú fọ́tò.”

Mo gbè sẹ́yìn Ìyá. Ojú ẹni tó jókòó ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ló yẹ kó wá bá ojú, ojú kọ́ ló yẹ kó máa sáré tẹ̀lé ẹ̀yìn. Awọ dúdú kì í ṣe àìsàn tí a ń fi ìmọ́lẹ̀ wò.

Ìgbìyànjú kẹta ló ba nǹkan jẹ́ jù. Ó kó fíláàṣì ńlá méjèèjì dojú kọ aṣọ ẹ̀yìn, ó sún agbára wọn dé òpin, ó wá fi fíláàṣì kékeré tan ojú Ìyá. Mo ní kó tún un tò bó ṣe wà, kí n lè wọ̀n ọ́n. Mítà ka f/8 níwájú ojú, ó ka f/22 lára aṣọ; lójú mítà, nọ́ńbà tó bá tóbi jù ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Stop mẹ́ta nìyẹn, ìlọ́po mẹ́jọ. Aṣọ tó bá gba ìmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aṣọ ẹ̀yìn mọ́. Fíláàṣì ńlá ni òun náà, ó sì dojú kọ lẹ́ńsì.

A fa fọ́tò náà tóbi. Létí gèlè ní apá ọ̀tún, ìṣẹ́po mẹ́ta tó yẹ kó tẹ̀léra kò sí mọ́. Ibi tí gèlè parí sí àti ibi tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀kan, bí ìgbà tí eku bá jẹ etí aṣọ. Ọ̀wọ́ sẹ́sẹ́ẹfun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ti wọnú ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹyinjú Ìyá, tó yẹ kó dúdú minimini, ti di àwọ̀ èéfín. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù láti ẹ̀yìn ló ń ṣe gbogbo èyí: ó ń wọnú lẹ́ńsì, ó ń ta láti ara dígí kan sí òmíràn, ó sì ń da funfun díẹ̀díẹ̀ sórí ibi gbogbo tó yẹ kó ṣókùnkùn. Fílítà olówó pọ́ọ́kú tó wà níwájú lẹ́ńsì náà, tí àmì ìka wà lára rẹ̀, tún bù kún un. Mo yọ ọ́, mo nu lẹ́ńsì, mo fi ìbòrí sí i lẹ́nu, dúdú díẹ̀ sì padà wálé kí a tó fọwọ́ kan iná kankan.

Ọmọ iṣẹ́ kan ní ká kúkú fi fóònù gé Ìyá jáde, ká gbé wọn sórí funfun. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ ká rí i. Áàpù náà gé gbogbo wajawaja etí ìborùn dànù, ó sì fi ìdajì etí Ìyá kún ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn tán síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fiyè sí. Fọ́tò mélòó kan tó tẹ̀léra, tí wọn kò yí nǹkankan padà láàárín wọn, ẹ̀yìn wọn kò dọ́gba. Jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Bí fíláàṣì méjì bá wà ní agbára kíkún, wọ́n á jọ fẹ́ fa iná lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìyàwòrán kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa mí gúlegúle, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó kún. Ọ̀dọ́kùnrin wa kì í sì í dúró kí àwọn méjèèjì dún píì kó tó tẹ kámẹ́rà. Ọ̀kan á ti kún, èkejì á ṣì wà lọ́nà.

Inú òkùnkùn ni a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Mo pa gbogbo fíláàṣì, mo fi kámẹ́rà sí ISO 100 (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), ìdá kan nínú 160 ìṣẹ́jú-àáyá, f/8, mo yà. Ó yẹ kí fọ́tò bẹ́ẹ̀ dúdú pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀: àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lápá òsì. Oòrùn ọ̀sán ló ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó ń kọlu ògiri aláwọ̀ ewé, tó sì ń ta padà sí ara Ìyá. A ti ilẹ̀kùn, a ta aṣọ dúdú bo ògiri náà. Nígbà tí a tún yà á, kò sí nǹkankan níbẹ̀.

Àga ló kàn. Mo ní kí wọ́n gbé e sí fíìtì 8 sí aṣọ ẹ̀yìn. Ọmọ Ìyá tó jẹ́ obìnrin wò mí lókè nílẹ̀: “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò ní gbé màmá wa bọ́ sí títì báyìí?” Kò pa irọ́. Aṣọ wà ní fíìtì kan sí ògiri, Ìyá wà ní fíìtì 8 sí aṣọ, kámẹ́rà wà ní fíìtì 8 sí Ìyá, ẹ̀yìn ayàwòrán sì ti kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n àyè yẹn gan-an ni mo wá wá. Bí Ìyá bá jìnnà sí aṣọ, ìmọ́lẹ̀ ojú wọn kò ní ríbi dé ara aṣọ kó máa yà òjìji gèlè síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aṣọ náà kò sì ní lè padà wá bá etí gèlè jà. Iṣẹ́ méjì ni. Ìgbà tí èèyàn bá fi fíìtì 2 ààbọ̀ sáàárín wọn ni ó ń sọ wọ́n di ẹyọ kan, tí kò ní rí ìkankan ṣe dáadáa nínú méjèèjì.

Ọ̀dọ́kùnrin wa bẹ̀rù pé aṣọ fíìtì 6 kò ní tó mọ́ bó ṣe jìnnà tó yẹn. Pẹ̀lú 50 mm tó máa ń lò, kò tó lóòótọ́: bí kámẹ́rà bá wà lóòró, lẹ́ńsì yẹn máa ń rí ju fíìtì 7 ààbọ̀ lọ níbùú ní ọ̀nà fíìtì 16. Lẹ́ńsì 85 mm kò rí ju nǹkan bíi fíìtì 4 ààbọ̀ lọ. A yí lẹ́ńsì padà, aṣọ ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì.

Fíláàṣì ńlá méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, wọ́n sì ń wò ó níkọ̀ọ̀rọ̀: ti ọ̀tún kọjú sí ìdajì òsì, ti òsì kọjú sí ìdajì ọ̀tún. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wo ìdajì tó súnmọ́ ọn, etí aṣọ á mọ́lẹ̀ yòò, àárín á ṣú. A dín agbára wọn kù títí ó fi súnmọ́ ìdá kan nínú márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ sì rójú mí. Wọ́n ń kún kíákíá, wọ́n ń kún dọ́gba. Mo gbé mítà sí ara aṣọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní àárín, ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà. Igun òkè ọ̀tún ga ju ìyókù lọ, a yí orí fíláàṣì kan wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdámẹ́ta stop mọ́, mo fi gbogbo rẹ̀ sí f/10. Ojú Ìyá máa wà ní f/8. Ìdá méjì nínú mẹ́ta stop ni ẹ̀yìn fi ju ojú lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ayàwòrán ló máa ń sọ pé stop méjì ni òfin. N kò gbà. Aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ojú ti súnmọ́ òpin funfun tẹ́lẹ̀; ìdajì stop sí stop kan ti tó láti tì í débẹ̀. Bí ẹni tó jókòó bá wọ aṣọ dúdú, mo lè lo odindi stop kan. Fún àlà, ibi tí mo dúró sí yẹn náà ni. Bí a bá fi kún un, etí gèlè ló máa fara gbá a.

A wá pa iná ojú, a tan ti ẹ̀yìn nìkan, a ya Ìyá. Nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀, òjìji nìkan ló yẹ kí èèyàn jẹ́. A rí ìlà ìmọ́lẹ̀ lórí èjìká méjèèjì àti létí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, èyí tó ń ti ara fíláàṣì ẹ̀yìn yọ́ wá. Páálí tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì wà lẹ́yìn káńtà. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n nígbà kan rí fún iṣẹ́ mìíràn. A gbé wọn dúró ní fíìtì 2 sí Ìyá lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yìn wọn díẹ̀, níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí wọn.

Orí páálí wọ̀nyí ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Wọ́n dí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ́ wá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gan-an ni òkùnkùn wọn. Funfun kò lè hàn lára funfun àfi bí dúdú díẹ̀ bá là wọ́n. Etí bùbá tó yí kúrò lójú kámẹ́rà, páálí dúdú ló ń wò báyìí dípò ògiri krímù, nítorí náà ó ṣú díẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba etí apá Ìyá láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Gèlè náà rí ìlà tirẹ̀. Mo sún páálí ọ̀tún mọ́ ọn sí i, ìlà náà nípọn, mo fà á sẹ́yìn, ó tín-ín-rín. Ọ̀dọ́kùnrin wa gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó ń sún un lọ sún un bọ̀ fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Fíláàṣì kékeré ló wọ inú softbox fún ojú, lápá òsì kámẹ́rà, ó ga ju orí Ìyá lọ díẹ̀. Mo mú ambúrẹ́là tó wà níwájú kúrò pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú gan-an wá máa ń pa ìṣẹ́po aṣọ rẹ́. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, níbí ní Ifẹ̀, ní 1938 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní èyí: àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ojú púpọ̀ nínú wọn ń hàn kedere bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, wọ́n sì ń sá pamọ́ bó bá ti iwájú wá.

Èjìká òsì ló wá fẹ́ dà á rú. Softbox wà ní fíìtì 3 ààbọ̀ sí ojú, àmọ́ fíìtì 2 ààbọ̀ ni èjìká wà sí i. Fíìtì kan péré, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń bá èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojú, àlà ibẹ̀ sì jóná. A sún softbox sẹ́yìn títí ó fi di fíìtì 5 sí ojú, fíìtì 4 sí èjìká. Ìyàtọ̀ náà wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop. Mo tún yí i díẹ̀ kó máa wo iwájú Ìyá, kó má wo àyà wọn gan-an. A fi agbára kún fíláàṣì kékeré kí mítà tó padà sí f/8. Nígbà tí a tan àmì ìkìlọ̀ kámẹ́rà tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí funfun bá ti kọjá òpin, gbogbo ẹ̀yìn ń ṣẹ́jú, àlà kò ṣẹ́jú níbì kankan.

Àwọ̀ ló kù. Ọmọ Ìyá ló rí i: “Kí ló dé tó dà bí ẹni pé àlà màmá wa dọ̀tí?” Àlà náà kò dọ̀tí. Kíjìpá ni, òwú tí wọ́n fọwọ́ hun, funfun rẹ̀ sì máa ń rọ̀ sí krímù díẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kó gbayì. Wọ́n ti fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, wọ́n tún ti rẹ ẹ́ sínú búlúù. Púpọ̀ nínú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ní èròjà kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí ojú kò rí, tó sì ń dá a padà ní búlúù. Fíláàṣì sì ní ultraviolet nínú. Nínú àwọn fọ́tò eérú àkọ́kọ́, búlúù yẹn hàn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ krímù àlà. Ní f/10, pupa, ewé àti búlúù jọ dé òpin nínú kámẹ́rà, àyè kò sí fún búlúù láti yọjú mọ́ àyàfi ní igun ìsàlẹ̀ kan. A fi káàdì eérú síwájú ojú Ìyá, a fi ṣe ìwọ̀n àwọ̀, àlà sì padà sí àwọ̀ tí wọ́n fi hun ún.

Ìyá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí a fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka tọ́ etí gèlè nínú fọ́tò, wọ́n ní, “Mo rí i níhìn-ín,” wọ́n sì béèrè bóyá àwọn lè lọ.

Nígbà tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí ínṣì 20 sí 24, mo ní kí wọ́n má fi bèbè funfun yí i ká nínú férémù. Níbi tí funfun bá ti dé òpin, ẹ̀rọ kì í tẹ ohunkóhun sí i, bébà lásán ló wà níbẹ̀. Bí bèbè funfun bá tún wá kàn án, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí fọ́tò parí sí. Férémù igi dúdú ni wọ́n lò.

Àwọn ọmọ tún fẹ́ fọ́tò ìdúró, láti gèlè dé bàtà, lórí funfun kan náà. A sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù yìí kò gbà á. Fún ìdúró, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun pẹ̀lú ẹ̀yìn, aṣọ gbọ́dọ̀ gùn dé abẹ́ ẹsẹ̀ kó sì kọjá síwájú, a ó sì nílò iná tiẹ̀ fún ilẹ̀. Kámẹ́rà náà kò ní ibi tó máa sún sẹ́yìn sí àfi kó jáde sí títì gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìyá ti wí. A ya ìdúró náà ní àgbàlá agboolé wọn, lábẹ́ ìbòòji, níwájú ògiri amọ̀ tí kò funfun rárá. Ìyá ní ti àgbàlá yìí ni àwọn fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ ní ti pálọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti funfun. Wọ́n san owó méjèèjì.